Ohùn Suzuki, Ohùn Boxer

Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ ìbòòji ní Àkòdà, níbi tí ará Ẹdẹ ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà tó ti Gbọ̀ngán lọ sí Òṣogbo, kò nílò ojú kó tó mọ irú ọ̀kadà tó ń bọ̀. Ọ̀kan á máa ké, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín, èéfín aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa tẹ̀ lé e. Òmíràn á máa bú láti inú, ohùn rẹ̀ á nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́. Àwọn ọlọ́kadà kì í sọ pé ẹ́ńjìnnì ló yàtọ̀. Orúkọ ọ̀kadà ni wọ́n ń dá: “Suzuki nìyẹn.” “Boxer ló ń bọ̀.” Wọ́n sì lè tìtorí orúkọ yìí jà títí oúnjẹ á fi tutù.

Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ti etí bẹ̀rẹ̀, Ẹdẹ ni. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì tó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí àwọn ìlù Yorùbá. Ẹni tó dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ti ẹ́ńjìnnì náà rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò sì le.

Nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, písítìn kan ló ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, ó sì so mọ́ irin kan tó ń yí, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kiráńkì. Ká ní kiráńkì yìí ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú two-stroke, gbogbo ìgbà tí kiráńkì bá ti yí lẹ́ẹ̀kan ni epo ń gbiná, nítorí náà ìbúgbàù 100 la ó gbọ́. Nínú four-stroke, ó di ìgbà tí kiráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó mú lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà 50 la ó gbọ́. Ìlọ́po méjì yìí gan-an ló wà láàárín ohùn ọkùnrin àti ohùn obìnrin nígbà tí wọ́n bá jọ ń kọ orin kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì: orin kò yí padà, ṣùgbọ́n obìnrin ń kọ ọ́ lókè. Ohun tó wà láàárín Suzuki àtijọ́, tó jẹ́ two-stroke, àti Boxer, tó jẹ́ four-stroke, náà nìyẹn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè fi orúkọ gba ìyàtọ̀ yìí, ìgbà tí epo ń gbiná ló fà á.

Four-stroke ló kọ́kọ́ dé. Nikolaus Otto, ọmọ Jámánì, ló mú èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní 1876. Písítìn rẹ̀ ń rìn lẹ́ẹ̀mẹrin kí iṣẹ́ kan tó parí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa atẹ́gùn àti epo wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ṣáná, ìbúgbàù tì í sọ̀ kalẹ̀ tagbáratagbára. Ó tún gòkè, ó ti èéfín jáde. Nínú ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń mú agbára wá. Fáàfù méjì ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde, ohun tó ń ṣí wọn tó sì ń tì wọ́n gbọ́dọ̀ mọ àsìkò láìṣì. Ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó ń yí ká, ó ń fi ara pa irin, kì í bá epo jó.

Ìrìn mẹ́ta tí kò mú agbára wá yìí ló ká àwọn kan lára. Dugald Clerk, ará Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ́ńjìnnì two-stroke tirẹ̀ ní 1881. Kí ọdún mẹ́wàá tó kọjá dáadáa, Joseph Day ní ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ohun tó rọrùn dé ibi tó rọrùn dé lónìí. Ọgbọ́n Day ni pé ó fún ìsàlẹ̀ písítìn náà níṣẹ́ ṣe. Bí písítìn ti ń gòkè láti fún epo pọ̀ lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fa epo mìíràn wọ inú àpótí tí kiráńkì wà. Bí ìbúgbàù bá tì í sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ epo ìsàlẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, á ré kọjá ihò èéfín tó wà lára ògiri sìlíńdà, lẹ́yìn náà á ré kọjá ihò epo. Epo tuntun á rọ́ gòkè, á máa ti èéfín jáde níwájú rẹ̀. Kò sí fáàfù, kò sí ṣéènì tó ń ṣí i. Ohun tó ń rìn nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: písítìn, irin tó so ó mọ́ kiráńkì, àti kiráńkì fúnra rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ lè tú u palẹ̀, kó sì tò ó padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ìrọ̀rùn yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìgbà kan wà tí ihò méjèèjì ṣí sílẹ̀ pa pọ̀, apá kan nínú epo tuntun á sì bá èéfín jáde láìjó. Ohun tó ń ṣòfò báyìí lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó. Àti pé níwọ̀n ìgbà tí epo ti ń gba inú àpótí kiráńkì kọjá, ọ́ìlì kò lè dúró síbẹ̀. Ó di dandan kí a pò ó mọ́ epo, kó fi ara pa irin bó ti ń kọjá, kó sì jóná. Èéfín aláwọ̀ aró yẹn, ọ́ìlì ni.

Ìtàn bí Suzuki ṣe di ọ̀gá nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí dùn, mo sì fẹ́ kí a dúró tì í díẹ̀. Ní Hamamatsu, ní Japan, ni Michio Suzuki ti dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1909, òfì ìhunṣọ ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Ìlú yẹn kan náà ni Torakusu Yamaha ti ń ṣe dùùrù, ibẹ̀ náà sì ni Soichiro Honda ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìlú kan ṣoṣo ló bí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn baba wa fi ń bú ara wọn lórí ọ̀kadà! Nígbà tí ogun parí, àwòrán ọ̀kadà two-stroke kan tó jẹ́ ti DKW, ilé-iṣẹ́ Jámánì, di ohun tí gbogbo ayé ń wò ṣe. BSA ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harley-Davidson ṣe é ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe tiwọn, ọ̀kadà àkọ́kọ́ tí Yamaha sì tà ní 1955 wò ó ṣe.

Ilé iṣẹ́ DKW tó wà ní ìlú Zschopau bọ́ sábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì ti Ìlà-Oòrùn Jámánì, wọ́n sì sọ ọ́ di MZ. Ibẹ̀ ni Walter Kaaden, ẹnjiníà wọn, ti kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn ṣe ìlẹ̀kùn. Nígbà tí èéfín bá bú jáde lára sìlíńdà, ìgbì ohùn ń bá a rìn lọ nínú sáléńsà. Bí a bá jẹ́ kí sáléńsà náà fẹ̀ láàárín, kó sì tún fún níparí, ìgbì náà á kọlu ibi tó fún, á padà wá, á sì ti epo tuntun tó fẹ́ sá jáde padà sínú sìlíńdà kí ihò tó tì. Ohùn lásán ló ń ṣe iṣẹ́ tí irin ń ṣe nínú four-stroke. Ní 1961, ẹ́ńjìnnì MZ tí kò ju cc 125 lọ ń mú agbára ẹṣin 25 jáde, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Ernst Degner, tó ń gun ọ̀kadà MZ, lọ díje ní Sweden, kò sì padà sílé mọ́. Wọ́n ti fi ọkọ̀ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá ẹnubodè ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀dọ̀ Suzuki ló kó ìmọ̀ Kaaden lọ, nígbà tó sì di 1962, òun àti Suzuki gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún ọ̀kadà cc 50. Láti ìgbà náà ni orúkọ Suzuki àti two-stroke ti wọnú ara wọn. Honda gba ọ̀nà mìíràn. Two-stroke ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1951 ó bọ́ sórí four-stroke, Super Cub tó gbé jáde ní 1958 sì ti kọjá mílíọ̀nù 100 nígbà tó fi di 2017.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀-ajé SAP dé ní 1986, tí iṣẹ́ wọ́n, tí mọ́tò tuntun di ohun tí apá òṣìṣẹ́ kò ká mọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gùn jù ni Suzuki AX100, two-stroke cc 98. Ó fúyẹ́. Kíìkì kan, ó ti jí. Ó lè gbé àpò gbágùúdá méjì àti ẹni tó ni wọ́n láti oko Awo tàbí Sékọ́nà wọ ọjà láìrojú. Kò sì pẹ́ tí Jincheng dé láti ìlú Nanjing ní Ṣáínà, ó jọ Suzuki bí ìbejì, páàtì wọn ń wọ ara wọn, owó rẹ̀ sì kéré gan-an. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín rèé: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń búra pé Suzuki nìkan lòun á gùn títí òun ó fi kú, Jincheng ló ń gùn. Ẹni tó bá ní òun kò lè fi orúkọ kan sílẹ̀, tó sì ti fi í sílẹ̀ láìmọ̀, kí ló wá rọ̀ mọ́ gan-an?

Lójú tèmi, ọwọ́ mẹkáníìkì ló rọ̀ mọ́. Mẹkáníìkì ọ̀kadà kò kọ́ṣẹ́ nínú ìwé. Abẹ́ ọ̀gá ló ti kọ́ ọ, ohun tí ọ̀gá bá ń tún ṣe ni ọwọ́ tirẹ̀ náà ń mọ̀. Ìran mẹkáníìkì kan gba òmìnira lórí two-stroke. Nígbà tí four-stroke ti Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tu owó jọ máa ń bá bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn kò ju irú èyí lọ:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wọ́n ní Boxer yìí kì í mu epo.”

“Kì í mu epo lóòótọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí fáàfù ẹ̀ bá jó, ta ni ó bá ọ ṣe é l'Ẹ́dẹ yìí? Ṣé Ìbàdàn lo fẹ́ máa tì í lọ ni?”

Kò parọ́. Fáàfù ní àlàfo tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀, àlàfo tín-ín-rín tí irin pẹlẹbẹ kan wà fún wíwọ̀n. Bó bá fẹ̀ jù, á máa ké tá-tá-tá. Bó bá fún jù, fáàfù kò ní í tì, á sì jó. Ẹni tí kò ní irin ìwọ̀n, tó ń fi ojú díwọ̀n, á ba ọ̀pọ̀ jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọlọ́kadà sì rí ìbàjẹ́ yẹn, wọ́n ní four-stroke kò lálòpẹ́. Ọwọ́ tí kò tíì mọ ọ̀nà ni wọ́n rí, irin ni wọ́n dá lẹ́bi. Honda mọ èyí tipẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣe CG125 fún ilẹ̀ bíi tiwa, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ṣéènì tó máa ń lọ sókè sí fáàfù kúrò, wọ́n fi irin gbọọrọ rọ́pò rẹ̀ nítorí ibi tí ọ̀kadà kì í ti í tètè dé iwájú mẹkáníìkì.

Ohun tó wá yí ọwọ́ mẹkáníìkì padà ni owó epo. Ní oṣù kìíní 2012, lẹ́yìn ìwọ́de tó gba gbogbo ilẹ̀ yìí kan, lítà bẹntiróòlù kúrò ní ₦65, ó di ₦97. Ní 2016 ó di ₦145. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò tó oṣù méjì tí lítà fi di ₦617, kí 2024 sì tó parí ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́rin tí two-stroke lè dà nù, kí ẹ gbé e lé lítà mẹ́rin tí ọlọ́kadà ń rà lójúmọ́. Nígbà tí lítà jẹ́ ₦65, owó tó ń fò lọ kò ju ₦65 lọ. Ní ₦1,000, odidi ₦1,000 ló ń tú jáde lẹ́nu sáléńsà lójoojúmọ́, a kò sì tíì ka ọ́ìlì tó ń bá a jó. Kí 2023 tó dé ni ọ̀pọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí two-stroke, nítorí ìṣirò yìí ti ń jẹ wọ́n lápò tipẹ́. Bajaj Boxer àti TVS, tí Íńdíà ṣe, ni wọ́n bọ́ sí. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọṣẹ́ ń kọ́ fáàfù, páàtì ń kún ṣọ́ọ̀bù, títí ó fi di pé ẹni tó gbé Jincheng dé ni wọ́n ń bi léèrè pé níbo ló ti rí àgbà yìí.

Bajaj pàápàá, two-stroke ló sọ ọ́ di olówó. Sìkútà Chetak rẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ ìdílé ní Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún òfin èéfín pinpin, láàárín àwọn ọdún 1990 wọ 2000, ni two-stroke kúrò nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń fi ìfẹ́ Bajaj bú two-stroke níbí kò mọ̀ pé ìjọba ló lé e kúrò nílé onílé.

Àwọn tó bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì gbé ìwà àtijọ́ dání. Mo mọ ẹni tó ń da ọ́ìlì sínú táńkì Boxer rẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe sí Suzuki. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń dọ̀tí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń bú Bajaj. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì rárá. Two-stroke ń gba ọ́ìlì tuntun bó ti ń rìn, èyí tó lò ti jóná. Nínú four-stroke, ọ́ìlì kan náà ló ń yí ká lójoojúmọ́, ó ń kó eruku irin mọ́ra, ó ń ṣàn bí omi, títí tí kò fi ní agbára mọ́. Bí ẹ bá sì rí èéfín aláwọ̀ aró lẹ́yìn Boxer, ríìngì rẹ̀ ló ti jẹ tàbí rọ́bà ẹnu fáàfù rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín.

Ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ náà tún ní ojú mìíràn. Bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé kọjá láti ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní kpayo, ni wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, òmíràn ti ní ọ́ìlì two-stroke nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èéfín àwọn zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà tiwọn, fi bo Kútọnu. Epo tí kò jó nínú èéfín yẹn ní bẹ́nsíìnì nínú, ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ́ìlì tó jó ìlàjì sì ń di ẹ̀kán kéékèèké tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ láìsí ohun tó dá a dúró. Àwọn ọlọ́kadà tó jókòó sí oríta láti àárọ̀ títí alẹ́ ló ń mí i jù. Dhaka ní Bangladesh kó gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta two-stroke kúrò nígboro ní òpin 2002, àwọn ará ìlú sì rí ìyàtọ̀ nínú atẹ́gùn láìpẹ́ rárá.

Ìjà orúkọ kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ kan tó jọ alùpùpù, tí ó ń fi bẹ́líìtì yọ̀ lórí yìnyín. Joseph-Armand Bombardier ti Quebec ló gbé Ski-Doo jáde ní 1959. Two-stroke ló pọ̀ nínú wọn títí dòní, nítorí pé ọkọ̀ tó bá wúwo á rì nínú yìnyín jíjìn. Àwọn olólùfẹ́ Ski-Doo, Polaris àti Arctic Cat kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ara wọn. Fún nǹkan bí ogún ọdún, Yamaha ni four-stroke tiẹ̀ lókìkí jù nínú wọn, ó sì ní àwọn tó ń bá a ṣe mùlẹ̀mùlẹ̀. Ní 2023, Yamaha kéde pé òun máa fi òwò náà sílẹ̀. Àwọn tó ti búra fún un sì wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n lọ ra ti ẹni tí wọ́n ti ń bú láti ọjọ́ yìí.

Nínú ilé wa, two-stroke kò tíì lọ. Bí iná bá lọ ní Òkè-Gada tàbí ní àyíká Pọ́lì l'Ẹ́dẹ, ohùn òkè yẹn ló máa ń gba afẹ́fẹ́: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour”, Tiger TG950, ẹ́ńjìnnì cc 63. Lítà epo kan, mìlílítà 20 ọ́ìlì two-stroke, ìyẹn 50 sí 1. Ẹni tó bá dá ọ́ìlì sí, písítìn rẹ̀ á dì mọ́ ògiri. Ẹni tó bá dà á jù, púlọ́ọ̀gì ni á máa fọ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Èéfín rẹ̀ ní kábọ̀n mọ́nọ́sáìdì, gáàsì tí kò ní òórùn, tó ń gba ipò atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí pé ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìta. Abẹ́ fèrèsé kì í ṣe ìta.

Ẹ bi ẹni tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ yìí léèrè irú èyí tó ń lò, á ní “kékeré yẹn ni.” Ọlọ́kadà Boxer ni lọ́sàn-án, kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni fi TVS wé e. Ṣùgbọ́n lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, kò ní orúkọ kankan tó ń jà fún. Kabúrétọ̀ ọ̀kan ń wọ òmíràn, kọ́ìlì ọ̀kan ń wọ òmíràn, okùn wọn dọ́gba, kò sì sí oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ l'Ẹ́dẹ tí kò lè tún gbogbo wọn ṣe. Bí Tiger bá kú, èyí tó bá wà lórí igbá lọ́jọ́ yẹn ló máa rà.